Kí ló ń mú kí ìtàn abàmì rí olólùfẹ́ ní èdè tí kò bí i?

OlùkàÒru

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ìtàn abàmì ni mo gbé wá: ìtàn ayé tí kò sí, tó ní ọba tirẹ̀, èdè tirẹ̀, ẹranko tirẹ̀ àti agbára tirẹ̀. Ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi àlọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ pilẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kó ṣòro fún àjèjì láti gbádùn. Síbẹ̀, òun gan-an ló ń rìn jìnnà jù. Ẹni tí kò rí yìnyín rí á máa sunkún lórí ogun tí wọ́n jà nínú yìnyín.

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ire àti ibi wà níbi gbogbo, ìgboyà wà níbi gbogbo. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ire àti ibi wà nínú ìwé tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ náà. Kí lohun tó ṣeé fọwọ́ kàn, tó ń mú kí àwọn kan ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní èdè mìíràn, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ìtumọ̀ àti ìtẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tó ti ń dára àti ibi tó ti ń bàjẹ́.

ÌwéLẹ́bàáÌrọ̀rí

Ẹ kú ìbéèrè. Ibi tí àwọn olùfẹ́ ìwé kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀: owó ìwé àti ẹ̀yìn ìwé.

The Lord of the Rings tí J.R.R. Tolkien kọ jáde ní Ìlú Ọba láàárín 1954 sí 1955, ìdìpọ̀ mẹ́ta, ẹlẹ́yìn líle. Ó rí òǹkàwé, àmọ́ kò tíì di ohun tí ọ̀dọ́ ń kì bọ báàgì. Ní 1965, Ace Books ní Amẹ́ríkà rí àlàfo nínú òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹlẹ́yìn rírọ̀ láìgbàṣẹ, sẹ́ǹtì 75 fún ìdìpọ̀ kan. Lọ́dún yẹn náà, Ballantine tẹ ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fọwọ́ sí, sẹ́ǹtì 95, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ Tolkien sẹ́yìn ìwé pé èyí nìkan lòun mọ̀ sí. Awuyewuye yẹn di ìpolówó ọ̀fẹ́. Ìwé wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń so báàjì "Frodo Lives" (Frodo, akọni ìtàn náà, ṣì wà láàyè) mọ́ aṣọ. Ẹgbẹ́ Mythopoeic Society dìde ní 1967, Tolkien Society ní 1969. Ìtàn náà kò yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló rọ̀, owó rẹ̀ ló wálẹ̀, ó sì wá ṣeé yá ọ̀rẹ́ láìfòyà.

Èyí tó tún lágbára ju owó lọ ni ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kó kiri. Ní Soviet Union, ìdìpọ̀ kìíní jáde ní èdè Rọ́ṣíà ní 1982, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ka ìdá mẹ́ta ìtàn náà tí ìyókù kò sì sí. Àwọn òǹkàwé túmọ̀ rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n fi táípúráítà àti bébà kábọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń yá ara wọn. Ẹ̀dà kẹrin lábẹ́ kábọ́ọ̀nù kì í hàn dáadáa. Ẹni tó fi gbogbo òru tú u wò lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì kò ní gbàgbé ohun tó kà. Ní 1990, àwọn òǹkàwé wọ̀nyẹn pàgọ́ sínú igbó nítòsí Krasnoyarsk ní Siberia, wọ́n gbé idà onígi, wọ́n fi ara wọn ṣe ìtàn náà. Ẹni tó bá fi òógùn wá ìwé kì í kà á bí ẹni tí wọ́n fi ta lọ́rẹ.

Ògbufọ̀Àgbà

Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú á jẹ́ kéèyàn ra ìwé ni, kò ní kó fẹ́ràn rẹ̀. Èmi á sọ̀rọ̀ lórí orúkọ, torí ibẹ̀ ni ìtàn abàmì ti ń kú tàbí yè.

Nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú gidi, orúkọ ìlú wà lórí máàpù kí ìwé tó dé. Nínú ayé àròsọ, orúkọ fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀. Bí orúkọ bá dún bí ohun tí wọ́n já bọ́ láti inú àpò, òǹkàwé ò rí ibi fẹsẹ̀ lé. Tolkien mọ èyí. Ìtumọ̀ Dutch láti ọwọ́ Max Schuchart ló kọ́kọ́ jáde, 1956 sí 1957. Ti Sweden láti ọwọ́ Åke Ohlmarks tẹ̀ lé e, 1959 sí 1961. Inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí wọ́n fi orúkọ ṣe, ó sì jókòó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ògbufọ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ síta ní 1975 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin rẹ̀ rọrùn: orúkọ tí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, kí òǹkàwé tìrẹ náà gbọ́ ọ, èyí tó ṣàjèjì sí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì, kó ṣàjèjì sí tìrẹ náà. Ìwọ̀n àjèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ka ìwé náà tán kí o tó túmọ̀ gbólóhùn kan. Kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú bírò, kó gbogbo orúkọ èèyàn, òkè, odò, idà, oyè àti irú ẹ̀dá jọ. Ìwé tó nípọn lè fún ọ ní orúkọ tó ju igba lọ. Pín wọn sí òkìtì mẹ́ta: èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn, èyí tó pa mọ́ pátápátá, àti èyí tó hàn díẹ̀ tó pa mọ́ díẹ̀. Òkìtì kẹta ni yóò gba àsìkò rẹ. Lẹ́yìn náà, fa ìlà sí ìwé rẹ: orúkọ bó ṣe wà, ohun tí onílé èdè gbọ́ nínú rẹ̀, ojú-ewé tó ti kọ́kọ́ jẹyọ, ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀, ohun tí o mú, àti ìdí tí o fi mú un. Ìlà "ìdí" yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun náà ni wọ́n máa ń wá kiri nígbà tí ìdìpọ̀ kẹta bá dé tí wọn ò rántí mọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Treebeard ni ẹ̀dá kan tó dà bí igi tó ń rìn tó sì ń sọ̀rọ̀. Bí o bá kọ "Irùngbọ̀n Igi", ó dà bí ohun tí wọ́n gé kúrò lára nǹkan. Gbólóhùn ni orúkọ Yorùbá sábà máa ń jẹ́: "Igihurùngbọ̀n". Igi hu irùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú rẹ̀, ó ń mí.

Ti òkìtì kejì, àwọn tó pa mọ́, àmì ohùn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní òǹkọ̀wé pe ìlú kan ní Aro láìní ìtumọ̀ kankan. Lójú Yorùbá, aró wà, arọ wà, ààrò wà, àárọ̀ náà wà. Bí o bá fi àmì sí i ní orí kìíní tí o sì gbàgbé ní orí kẹwàá, o ti kọ ìlú méjì. Pinnu lẹ́ẹ̀kan: gbogbo orúkọ àjèjì á ní àmì, tàbí kò sí èyí tó máa ní. Má da méjèèjì pọ̀.

Ohun kan tún wà. Ìtumọ̀ tó kọ́kọ́ dé ló ni ọkàn òǹkàwé. Ní Poland, ìtumọ̀ Maria Skibniewska ti 1961 sí 1963 làwọn èèyàn bá dàgbà. Nígbà tí ìtumọ̀ Jerzy Łoziński jáde láàárín àwọn ọdún 1990, Baggins, orúkọ ìdílé Frodo, ti di Bagosz, àwọn aràrá tí wọ́n mọ̀ sí krasnoludy ti di krzaty. Ariwo ta. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tuntun náà kò nítumọ̀. Àwọn èèyàn rí i bí ẹni tí wọ́n yí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Akọ̀wéKékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Orúkọ tí òǹkọ̀wé fi lẹ́tà ṣeré nínú rẹ̀ ńkọ́? Bíi Tom Marvolo Riddle nínú ìwé kejì Harry Potter, tí lẹ́tà rẹ̀ tò padà di gbólóhùn tó tú àṣírí pé òun ni Voldemort, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà. Ṣé a lè gbé ìyẹn wọ Yorùbá rárá?

Ògbufọ̀Àgbà

A lè gbé e wọ̀ ọ́, àbúrò. Ẹ kọ́kọ́ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é. Faransé: Tom Elvis Jedusor, tó di "Je suis Voldemort". Spéènì: Tom Sorvolo Ryddle, tó di "Soy Lord Voldemort". Ní Denmark wọ́n jọ̀wọ́ Tom pátápátá, wọ́n pè é ní Romeo G. Detlev Jr., tó di "Jeg er Voldemort". Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: gbólóhùn àṣírí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, wọ́n sì wá fi lẹ́tà rẹ̀ mọ orúkọ.

Ó yá, Yorùbá. Gbólóhùn wa ni "Èmi ni Voldemort". Bọ́ àmì ohùn kúrò, ó ku lẹ́tà 14: E M I N I V O L D E M O R T. Mú T, O, M kúrò kí Tom lè dúró. Lẹ́tà 11 ló kù: E, I, N, I, V, L, D, E, M, O, R. Tò wọ́n: Denivel Mori. Tom Denivel Mori. Ẹ kà á fúnra yín, lẹ́tà kan kò ṣẹ́kù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kì í ṣe ibí, iwájú ni. Nínú ìwé kẹfà, a gbọ́ pé orúkọ àárín yẹn jẹ́ ti bàbá ìyá rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́ di Denivel, bàbá àgbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ Denivel. Ní Faransé, Elvis ni bàbá àgbà náà ń jẹ́ lóòótọ́. Ìwé kẹrin sì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdílé bàbá rẹ̀, nítorí náà ilé àwọn Mori nìyẹn láti ojú-ewé kìíní. Àwọn ògbufọ̀ àkọ́kọ́ kò rí ìwé kẹfà, torí òǹkọ̀wé kò tíì kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àyè àtiyàn pé kó dúró kí ọ̀wọ́ ìwé parí.

AyéÒmíràn

Ẹ̀gbọ́n Ògbufọ̀, mo júbà. Àmọ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé máa ń dé odindi, tí òǹkàwé á sì kàn jókòó gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó gbà á ló ń tún un mọ.

Ẹ wo Ẹgbẹ̀rún Òru Kan Lé Ọ̀kan. Antoine Galland túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé láàárín 1704 sí 1717, ìdìpọ̀ 12. Ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán nígbà tí àwọn òǹkàwé ṣì ń fẹ́ sí i. Ní 1709, ní Paris, Hanna Diyab, ará Aleppo, bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn fún un. Láti ẹnu rẹ̀ ni Aladdin àti Ali Baba ti wọ inú ìwé náà. Wọn kò sí nínú ìwé àfọwọ́kọ yẹn. Àwọn méjì tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni èyí tí ìyàn òǹkàwé ní ilẹ̀ òkèèrè bí!

Ti Japan tún yé mi jù. Eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974: èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yí tábìlì ká, ayò ojú mẹ́fà àti ti ojú ogún, ẹnì kan ń sọ ìtàn, àwọn yòókù ń yan ohun tí wọ́n máa ṣe. Ní 1986, ìwé ìròyìn Comptiq ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àwọn tó ń ta irú eré náà, gbólóhùn lé gbólóhùn. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn ìtàn ju eré lọ, ni Ryo Mizuno bá sọ ọ́ di ìwé ìtàn láti 1988, Record of Lodoss War. Etí gígùn tó nà síta bí abẹ́ ọ̀bẹ tí ẹ ń rí lórí àwọn elf, ẹ̀dá abàmì tó jọ ènìyàn, nínú àwòrán Japan lónìí, ọ̀dọ̀ Deedlit inú ìtàn yẹn ni wọ́n sábà máa ń tọpa rẹ̀ dé. Tolkien kò kọ etí gígùn báyẹn fún wọn. Ayé ará Yúróòpù gba inú eré Amẹ́ríkà kọjá, ó di ti Japan pátápátá, ó sì padà lọ sí Yúróòpù pẹ̀lú etí tuntun.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtàn abàmì tó ń rìn máa ń ní ibi dídìmú. Òfin tó ṣeé kà ni àkọ́kọ́: agbára yìí, kí ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó lò ó? Ta ni kò lè lò ó? Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣì í lò? Bí òǹkàwé bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣí ìwé, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn tirẹ̀. Èkejì ni àyè òfìfo: ìlú tí wọ́n dárúkọ lórí máàpù tí ìtàn kò dé. Ibẹ̀ làwọn olólùfẹ́ ń kọ́lé sí. Ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì Archive of Our Own, tí àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn ṣí ní 2009, kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Hugo, ti ìtàn abàmì àti ìtàn sáyẹ́ǹsì, ní 2019. Òǹkọ̀wé tó bá ṣàlàyé gbogbo kọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ kò fi àga sílẹ̀ fún àlejò.

Atúmọ̀Ṣáínà

Mo fara mọ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ṣáínà kún un, torí níbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ ni afárá fúnra wọn.

Jin Yong kọ ìtàn àwọn ajagun rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Hong Kong láti 1955 sí 1972, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdìpọ̀ kìíní ìtàn Condor rẹ̀ kò jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ ilé ìtẹ̀wé ńlá títí di 2018, ìtumọ̀ Anna Holmwood. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn òǹkàwé ti ń túmọ̀ rẹ̀ fún ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti àárín wọn ni ẹni tó dá ojúlé Wuxiaworld sílẹ̀ ní 2014 ti jáde, tó ń túmọ̀ ìtàn Ṣáínà kan, Coiling Dragon, ní orí kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹnì kan ń túmọ̀, ẹnì kejì, tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà rárá, ń ṣàtúnṣe. Àìgbọ́ rẹ̀ yẹn ni àǹfààní, torí ohun tí kò bá yé e, kò ní yé òǹkàwé. Ẹnì kẹta ń fi àkójọ orúkọ wé e. Orí kan sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà Ṣáínà bí 2,000 sí 3,000, ìtàn kan sì lè ju ẹgbẹ̀rún orí lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ka gbogbo rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Orúkọ ipò agbára tí wọ́n mú ní orí 12 á forí gbárí pẹ̀lú ipò mìíràn ní orí 400. Aṣáájú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti padà tún orí 12 kọ, kí ó sì sọ fún òǹkàwé pé òun tún un kọ.

Àṣìṣe kejì: ìtumọ̀ lórí ìtumọ̀. Àwọn olólùfẹ́ ní èdè mìíràn ń mú ti Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀. Èdè Ṣáínà a máa yọ olùwà gbólóhùn sílẹ̀. Atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á méfò bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àṣìṣe rẹ̀ á sì di òótọ́ ní èdè márùn-ún. Yorùbá bọ́ lọ́wọ́ èyí, "ó" kò ya akọ yà abo.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìbátan náà ńkọ́? Shixiong ni ọkùnrin tó ṣáájú rẹ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ yín níjà, ìbáà kéré sí ọ lọ́jọ́ orí. Gẹ̀ẹ́sì ń jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ títí dòní. "Ẹ̀gbọ́n" gbé e láìlàágùn. O kàn máa jẹ́ kó hàn lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà tí kálukú wọlé ni wọ́n ń kà. Bí o bá fi "arákùnrin àgbà" túmọ̀ rẹ̀, o ti pa á.

ÌwéLẹ́bàáÌrọ̀rí

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àsìkò kún un. Ìwé keje Harry Potter jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní July 2007, ti Faransé di October. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ìtumọ̀ àwọn olólùfẹ́ ti kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú ìyẹn, ní 2003, ìwé karùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló gun òkè àtẹ ìwé tó ń tà jù ní Faransé, ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi ìwé atúmọ̀ èdè tú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àlàfo oṣù díẹ̀ ń bí olólùfẹ́ tó gbóná. Àlàfo ọdún mẹ́wàá láàárín ìdìpọ̀ kan sí èkejì ń tú wọn ká, àfi bí wọ́n bá ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀.

OlùkàÒru

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ẹ̀gbọ́n Ògbufọ̀, ẹ ti dárúkọ Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé irú ìwé yìí wọ èdè wa, kí ló máa kọ́kọ́ mú un lẹ́sẹ̀?

Ògbufọ̀Àgbà

Ọ̀rọ̀ tó dà bí ẹni pé ó ti wà nílẹ̀. "Wizard" ni ìwé atúmọ̀ máa fún ọ ní "oṣó". Bí Gandalf inú ìwé Tolkien bá wọlé ní orí kìíní gẹ́gẹ́ bí oṣó, òǹkàwé á máa retí ọmọ tó máa kú. Ọ̀rọ̀ náà ti dájọ́ kí ìtàn tó sọ̀rọ̀. "Onídán" sọ ọ́ di ẹni tó ń fa ẹyẹlé yọ láti inú fìlà. "Ọlọ́gbọ́n" kò ní agbára. Nínú ìtàn yẹn, ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ, ó sì jẹ́ ìránṣẹ́. "Aláfọ̀ṣẹ" sún mọ́ ọn ju gbogbo wọn lọ. Àwa ní ọfọ̀, ògèdè, àfọ̀ṣẹ, àyájọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Ògbufọ̀ lè pín wọn fún ẹ̀dá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí òǹkàwé mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìrí orúkọ rẹ̀.

Wàhálà yìí náà ló dojú kọ Wole Soyinka láti apá kejì nígbà tó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D.O. Fágúnwà (1938) sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀ á sọ ẹ̀dá Fágúnwà di èṣù inú ìwé ìsìn. Ó mú "daemons" pẹ̀lú lẹ́tà àtijọ́ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀dá "ghommid" láti inú afẹ́fẹ́. Ìwọ̀n àjèjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn.

Ibi tí èdè wa ti borí nìyí o. Nínú àfikún ìwé rẹ̀, Tolkien sọ pé àwọn hobbit, ẹ̀dá kúkurú tó jọ ènìyàn, ti pàdánù ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ nínú èdè wọn, nítorí náà Pippin, ọ̀kan nínú wọn tó ṣì kéré, ń bá Denethor, olórí Gondor, sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ sì rò pé ọmọ ọba ni. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò lè fi èyí hàn nínú ìtàn, ó di àlàyé ẹ̀yìn ìwé. Ní Yorùbá, Pippin á dúró níwájú arúgbó tó wà lórí àga, á ní: "O ṣeun, mo gbọ́ ohun tí o sọ." Òǹkàwé á di ẹnu mú.

Ibi tí mi ò tíì rí ọ̀nà gbà nìyí. Àsọtẹ́lẹ̀ wà nínú ìwé Tolkien náà pé olórí ogun ọ̀tá kan, Ọba Àjẹ́, kò ní ti ọwọ́ "man" kú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn jẹ́ ọkùnrin, ó tún jẹ́ ẹ̀yà ènìyàn. Ẹni méjì ló wá pa á: Éowyn, ènìyàn tí kì í ṣe ọkùnrin, àti Merry, ọkùnrin tó jẹ́ hobbit. Bí mo bá kọ "ọkùnrin", ọmọ ọdún méje á ti mọ̀ pé obìnrin ló ń bọ̀. Bí mo bá kọ "ènìyàn", Éowyn ti ba àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́.

AyéÒmíràn

"Ọmọ adáríhurun" ńkọ́?

Ògbufọ̀Àgbà

Éowyn náà dá orí, ó hu irun.

Atúmọ̀Ṣáínà

"Akọni"? Ẹni tó gbọ́ ọ á gbọ́ "akin". Ẹni tó tú u á rí "akọ" níbẹ̀.

Ògbufọ̀Àgbà

Ó sún mọ́ ọn. Àmọ́ akọni ni Éowyn gan-an, òun la fẹ́ yìn lójú-ewé yẹn. Mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ pé kì í ṣe akọni.

Akọ̀wéKékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ èyí wò. "Kò sí baba ẹnikẹ́ni tó lè pa á." Báyìí làwa náà ṣe ń fọ́nnu lójoojúmọ́, ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé kò sí ẹ̀dá alààyè kankan ni. Lójú ogun, ọ̀tá á tún un sọ: "Kò sí baba ẹnikẹ́ni tó lè dá mi dúró." Éowyn á ṣí àṣíborí, á ní: "Èmi kì í ṣe baba ẹnikẹ́ni."

Ògbufọ̀Àgbà

Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dúró. Ó tún gba Merry wọlé, torí ọ̀dọ́ ni, kò tíì bímọ. Ohun kan péré ló kù: láàárín ọjọ́ tí wọ́n sọ àsọtẹ́lẹ̀ náà àti ọjọ́ ogun yẹn ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, gbólóhùn náà sì gbọ́dọ̀ bá ẹnu aríran mu bó ṣe bá ẹnu afọ́nnu mu. Fún aríran, mo máa mú "ẹnikẹ́ni" kúrò, kí ó ṣe ṣókí: "Kò sí baba tí yóò pa á." Kọ ọ́ sínú ìlà "ìdí", àbúrò, kí o sì kọ ojú-ewé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.